Ààlè Orí Ilẹ̀ Onílẹ̀: Ìtanràn Ni Tàbí Gbèsè?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà. Òwe yìí kò mọ sí ọ̀nà tí à ń fi ẹsẹ̀ rìn nìkan. Ó kan ìwé tí à ń gbà, ọ̀rọ̀ tí à ń gbọ́ àti owó tí à ń san. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti san owó tí kò yẹ kí ó san nítorí pé kò béèrè. Ọ̀pọ̀ mìíràn ni ó sì ti kọ̀ láti san èyí tí ó yẹ kí ó san, nítorí pé ẹni tí kò mọ̀nà ni ó béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí ni ìwé owó kan tí ó ń já lé ọ̀pọ̀ ènìyàn wa lọ́wọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ilé-iṣẹ́ aládàáni máa ń fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ó bá gbé ọkọ̀ sí orí ilẹ̀ onílẹ̀ lọ́nà tí kò bá ìlànà ibẹ̀ mu.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi lè béèrè pé kí ni ó kan ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ní Ìlú Ọba. Ó kàn wá ní ọ̀nà méjì. Èkíní ni pé agbára káká ni a fi lè rí agbo ilé kan lónìí tí kò ní ọmọ, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò lókè òkun. Láti oṣù Èrèlé ọdún 2023 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti ṣí ìlẹ̀kùn fún àwọn olùkọ́ tí wọ́n gba oyè tí wọ́n sì kọ́ṣẹ́ ní Nàìjíríà, kí wọ́n lè béèrè fún ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ ti ọ̀dọ̀ wọn. Nítorí náà, àwọn tí wọn yóò lọ lọ́la wà nínú kíláàsì pẹ̀lú wa lónìí. Èkejì ni pé, bí a bá wò ó fínnífínní, ọ̀rọ̀ èdè ni ọ̀rọ̀ náà. Orúkọ tí a bá pe ohun kan ni ó ń sọ bí a ó ṣe bẹ̀rù rẹ̀ tó.

Àbúrò ìyá mi kan, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó láti ilé dé ilé ni wọ́n ń ṣe, ọkọ̀ sì ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ iṣẹ́ náà. Láàrin oṣù mẹ́ta, ìwé owó mẹ́ta ni ó bá wọn nílé. £100 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan béèrè fún, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá san án láàrin ọjọ́ 14, yóò di £60. Wọ́n san èkíní, wọ́n san èkejì, wọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí àwa tí a wà nílé rí ni pé owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí ìyá àgbà kò dé ní àsìkò rẹ̀, ìyá mi sì ti ń ronú pé bóyá iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ àbúrò wọn. Nígbà tí ìwé kẹta dé ni Àǹtí tó sọ ohun tí ó wà lọ́kàn wọn. Kì í ṣe owó nìkan ni ó ń dùn wọ́n. Wọ́n ní àwọn ti di arúfin ní ilẹ̀ onílẹ̀, pé bí ìjọba bá kà á tí ó pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, wọ́n lè gba ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ àwọn. Wọ́n ya àwòrán ìwé náà, wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, wọ́n ní: “Ìwọ tí ò ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, bá mi ka ìwé yìí, kí o sì sọ ohun tí ìjọba wí fún mi.”

Mo ka ìwé náà ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. N kò rí ìjọba níbẹ̀.

Ohun tí mo rí ni orúkọ ilé-iṣẹ́ kan, àwòrán ọkọ̀ Àǹtí bí ó ṣe ń wọlé àti bí ó ṣe ń jáde, àkókò tí kámẹ́rà kọ sí abẹ́ àwòrán méjèèjì, àti lẹ́tà mẹ́ta gàdàgbà gàdàgbà: P, C àti N. Lẹ́tà mẹ́ta yìí gan-an ni ó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Ìjọba ìbílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kọ PCN, ilé-iṣẹ́ aládàáni náà sì ń kọ PCN. Ṣùgbọ́n P ti ìjọba ìbílẹ̀ dúró fún “penalty”, èyí tí í ṣe ìjìyà. P ti aládàáni sì dúró fún “parking”, èyí tí í ṣe ìgbọ́kọ̀sí lásán. Ti ìjọba ìbílẹ̀ jẹ́ ìtanràn tòótọ́, nítorí pé òfin ìrìnnà ọdún 2004 ni ó fún un ní agbára láti bu owó lé ẹni tí ó bá gbé ọkọ̀ sí ibi tí kò yẹ ní ojú títì ọba. Ti aládàáni kì í ṣe ìtanràn rárá. Ìwé gbèsè ni. Ohun tí ó ń sọ ni pé: “Ìwọ bá wa ṣe àdéhùn, o sì yẹ àdéhùn, san owó tí a jọ fi àdéhùn náà sí.” Kò sí ọlọ́pàá nínú rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn, kì í sì í wọ inú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ọ̀daràn, ìbáà pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ìbáà pé ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Nígbà tí mo sọ èyí fún Àǹtí, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, mo sì gbọ́ bí wọ́n ṣe mí kanlẹ̀.

N kò dá wọn lẹ́bi. Níbi tí a ti tọ́ wa dàgbà, ẹni tí ó bá wọ aṣọ iṣẹ́ tí ó sì mú ìwé rìsíìtì lọ́wọ́, ìjọba ni a ń pè é. Ní ọjà, ní ibùdókọ̀, a kì í sábà béèrè ẹni tí ó rán an níṣẹ́. Owó ni a máa ń yọ kí ó má baà bá wa fa wàhálà. Ìwà yìí ni a di mọ́ ẹrù nígbà tí a bá ń wọ ọkọ̀ òfuurufú. Àwọn tí ó ń kọ ìwé owó wọ̀nyẹn sì mọ̀ bí wọ́n ti í fi lẹ́tà pupa àti nọ́ńbà gígùn ṣe ìwé wọn lọ́ṣọ̀ọ́ tí yóò fi jọ ìwé ìjọba.

Nígbà tí mo ṣàlàyé bẹ́ẹ̀ tán, ìyá mi tí ó jókòó tì mí béèrè ìbéèrè tí ó gbọ́n ju tèmi lọ. Wọ́n ní: “Àdéhùn wo ni àbúrò mi bá wọn ṣe? Ìgbà wo ni wọ́n jókòó sọ̀rọ̀?” Níbi yìí ni àṣà wa ti ràn mí lọ́wọ́. Gbogbo wa ni a mọ ààlè. Bí àgbẹ̀ bá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan igi ìdáná tí ó tò sí ẹ̀bá ọ̀nà, yóò fi àkísà pupa, ìkarahun ìgbín, ṣùkù àgbàdo tàbí òòyà tí ó ti kán sí i lórí. Àgbẹ̀ náà kò sí níbẹ̀, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ààlè ń sọ̀rọ̀ fún un. Pátákó tí wọ́n gbé kọ́ sí ẹnu ọ̀nà àyè ìgbọ́kọ̀sí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ààlè ni. Ó ń sọ pé: “Ẹni tí ó bá gbé ọkọ̀ síhìn-ín ti gbà pé wákàtí kan ààbọ̀ ni òun yóò lò, bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, yóò san £100.” Ẹni tí ó bá rí pátákó náà tí ó sì fi ọkọ̀ rẹ̀ síbẹ̀, òfin ka ìṣe rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé èpè ni ààlè tiwa fi ń dẹ́rù bani, owó ni tiwọn fi ń dẹ́rù bani.

Bí ó ti wù kí ó rí, a kì í fi ààlè pamọ́. Àgbẹ̀ tí ó bá fi ààlè sábẹ́ ewé kò lè bínú sí ẹni tí kò rí i. Àwọn adájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ti sọ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ọdún 1970, nínú ẹjọ́ tí ọ̀gbẹ́ni Thornton pe ilé-iṣẹ́ Shoe Lane Parking, Adájọ́ Denning àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pinnu pé ìlànà tí ó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ̀rọ ti fún awakọ̀ ní tíkẹ́ẹ̀tì tán ni ó tó lè mọ̀ ọ́n, kò lè de awakọ̀ náà, nítorí àdéhùn ti parí kí ó tó rí i. Ní ọdún 2000 ni ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tún dá ẹjọ́ ìyáàfin Vine àti ìjọba ìbílẹ̀ Waltham Forest. Ilé ìwòsàn ni obìnrin yìí ti ń bọ̀, ara rẹ̀ kò yá, ó dúró sí orí ilẹ̀ onílẹ̀ kan kí ó lè bì. Ìṣẹ́jú mélòó kan péré ni ó kúrò nídìí ọkọ̀, nígbà tí yóò fi padà, wọ́n ti fi irin de táyà ọkọ̀ rẹ̀. Ilé ẹjọ́ gbà pé kò rí pátákó ìkìlọ̀ ibẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí kò sì rí i, a kò lè sọ pé ó fọwọ́ sí ohun tí wọ́n ṣe sí ọkọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí rò pé ẹjọ́ ọlọ́kọ̀ ni ó máa ń jàre nígbà gbogbo. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ kí á gbọ́ ẹjọ́ ọ̀gbẹ́ni Barry Beavis, nítorí òun ni òpó tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí fẹ̀yìn tì lónìí. Ní oṣù Igbe ọdún 2013, ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí ọgbà ìtajà kan ní ìlú Chelmsford. Wákàtí méjì ni ọgbà náà fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó fi ìṣẹ́jú 56 kọjá rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ParkingEye tí ó ń bójú tó ibẹ̀ béèrè fún £85, ó sì kọ̀ láti san. Ohun tí ó wí ni pé ọ̀fẹ́ ni ibẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà kò pàdánù kọ́bọ̀ kan nítorí pé òun pẹ́, nítorí náà ìjìyà lásán ni £85, òfin àdéhùn kò sì fi àyè gba kí ẹnìkan fi ìjìyà jẹ ẹnìkejì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà lọ láti kóòtù kékeré títí dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Adájọ́ méje ni ó jókòó lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Bélú ọdún 2015, mẹ́fà nínú wọn dá a lẹ́bi; Adájọ́ Toulson nìkan ni kò bá wọn fi ohùn ṣọ̀kan.

Kí ni ìdí tí wọ́n fi dá a bẹ́ẹ̀? Wọ́n ní lóòótọ́ ni ilé-iṣẹ́ náà kò pàdánù owó, ṣùgbọ́n onílẹ̀ ní ìdí pàtàkì tí kò fi fẹ́ kí ẹnìkan gba àyè láti àárọ̀ títí di alẹ́: àwọn oníbàárà mìíràn gbọ́dọ̀ rí ibi gbé ọkọ̀ sí kí ọjà lè tà. Wọ́n ní £85 kò pọ̀ ju ohun tí ó yẹ kí a fi dáàbò bo irú ìdí bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sì tún kù: wọ́n tẹnu mọ́ ọn pé bí ogún pátákó ni ó wà káàkiri ọgbà náà, pé wọ́n tóbi, wọ́n hàn gbangba, wọ́n sì ṣeé kà. Ààlè ọ̀gbẹ́ni Beavis kò sí lábẹ́ ewé. Èmi akẹ́kọ̀ọ́ lásán kò tó ẹni tí í bá adájọ́ mẹ́fà jiyàn, ṣùgbọ́n mo kíyè sí i pé ilé-iṣẹ́ náà ń san £1,000 fún onílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí ó lè máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tí ó san owó kí ó tó dẹ pàkúté, kì í fẹ́ kí pàkúté òun ṣófo.

Ṣáájú ẹjọ́ yìí ni òfin kan ti yí ọ̀nà iṣẹ́ wọn padà. Láyé ìgbà kan, irin ni wọ́n fi ń de táyà ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ọlọ́kọ̀ yóò sì sanwó kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Òfin ààbò òmìnira ọdún 2012 fi òpin sí èyí lórí ilẹ̀ aládàáni ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales láti ọjọ́ 1 oṣù Ọ̀wàrà ọdún náà. Ṣùgbọ́n bí òfin náà ṣe gba irin lọ́wọ́ wọn ni ó fi gègé lé wọn lọ́wọ́. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí ó wa ọkọ̀ nìkan ni wọ́n lè bá ṣẹjọ́, ó sì ṣòro fún wọn láti mọ̀ ọ́n. Òfin titun náà sọ pé bí wọn kò bá mọ ẹni tí ó wà á, wọ́n lè béèrè owó náà lọ́wọ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ọkọ̀. £2.50 ni wọ́n ń san fún DVLA, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ó ń tọ́jú orúkọ àwọn ọlọ́kọ̀, kí wọ́n tó rí orúkọ àti àdírẹ́sì gbà. Ilé-iṣẹ́ tí kò bá sí nínú ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ méjì tí ìjọba fọwọ́ sí, BPA àti IPC, kò lè rí i gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ó fúnni ní ọ̀nà náà ni ó fi ìlànà sí i. Bí wọn kò bá fi ìwé kankan sí ara gíláàsì ọkọ̀, tí ó jẹ́ pé kámẹ́rà ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé, ìwé wọn gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ẹni tí ó ni orúkọ náà láàrin ọjọ́ 14, tí a óò bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ọjọ́ kejì ọjọ́ tí ọkọ̀ dúró níbẹ̀. Bí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, awakọ̀ nìkan ni wọ́n lè lé. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ọkọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí èmi àti Àǹtí yẹ ọjọ́ orí ìwé kejì wò, a rí i pé ó ti lé ní ogún ọjọ́ kí ó tó dé. Wọ́n ti san án, owó tí a bá sì ti san báyìí kì í sábà padà.

Èyí dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ilé wa. Bàbá mi sọ pé ẹni tí ó wa ọkọ̀ mọ̀ pé òun ni ó wà á, pé kí ènìyàn máa sá sẹ́yìn kàlẹ́ńdà kò yàtọ̀ sí irọ́. Ìyá mi ní rárá, pé bí wọ́n bá fi ìṣẹ́jú ka àkókò mọ́ ọmọ wọn lọ́wọ́, kí àwọn náà jẹ́ kí a fi ọjọ́ ka tiwọn. Èmi gba ti ìyá mi, ṣùgbọ́n n kò da ti bàbá mi nù. Òfin tí ó de ọlọ́kọ̀ ni ó de ilé-iṣẹ́. Kò sí ohun tí ó burú nínú kí á ní kí ó pa tirẹ̀ mọ́. Kò sí òfin tí ó fi dandan lé e pé kí ẹni tí ó ni ìwé ọkọ̀ dárúkọ awakọ̀ fún ilé-iṣẹ́ aládàáni. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn sọ pé òun kọ́ ni òun wà á nígbà tí ó jẹ́ pé òun ni, irọ́ ni, ẹni tí ó bá sì purọ́ níwájú adájọ́ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ gbèsè di ọ̀ràn.

Ní ti ìwé kẹta, Àǹtí kò nílò láti fi ohunkóhun pamọ́. Ìrọ̀lẹ́ oṣù Ọ̀pẹ ni wọ́n wọ ọgbà ìtajà náà, nígbà tí ilẹ̀ ti máa ń ṣú kí agogo márùn-ún tó lù lọ́hùn-ún. Wọ́n lọ ra oògùn fún ìyá arúgbó kan tí wọ́n ń tọ́jú, èrò sì pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n fi ìṣẹ́jú 26 kọjá wákàtí kan ààbọ̀. Wọ́n ní àwọn kò rí pátákó kankan. Mo ní kí wọ́n má kàn sọ ọ́ lẹ́nu, kí wọ́n mú ẹ̀rí wá, nítorí ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, ní déédéé agogo kan náà, wọ́n padà lọ síbẹ̀, wọ́n dúró ní ibi tí ọkọ̀ wọn wà, wọ́n sì ya àwòrán. Òpó gíga ni pátákó wà lórí rẹ̀, iná tí ó wà lókè rẹ̀ kò tàn, láti inú ọkọ̀, àmì funfun kan péré ni ojú lè rí.

Ọ̀nà tí a gbà ṣe é nìyí, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí àwọn tí yóò nílò rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń kọ̀wé sí, láàrin ọjọ́ 28. Kí ìwé náà kúrú, kí ó má ní èébú, kí ó má sì jẹ́ ẹ̀bẹ̀ lásán. Kí ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, kí ó so ẹ̀rí mọ́ ọn, kí a sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ bá kọ̀, yóò sọ ibi tí a lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí: POPLA ni fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ BPA, IAS sì ni fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ IPC. Ní POPLA, ọjọ́ 28 mìíràn ni a ní, ọlọ́kọ̀ kò sì ní san kọ́bọ̀. Bí ó bá jàre, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fa ìwé owó náà ya. Bí ó bá jẹ̀bi, ìdájọ́ náà kò de òun títí kóòtù yóò fi dá sí i. Ohun kan ṣoṣo tí ó lè sọnù ni ẹ̀dínwó: ẹni tí ó bá pẹjọ́ dé POPLA tí kò jàre kì í sábà rí £60 san mọ́, £100 ni yóò kù. Nítorí náà, ẹni tí ó mọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé òun rí pátákó, pé ó ṣeé kà, pé òun kọjá àkókò láìsí ìdí, kí ó tètè san £60, kí ó sùn.

Ilé-iṣẹ́ náà kọ̀ ìwé Àǹtí. Ó ní gbogbo pátákó òun ni ó pé. A lọ sí POPLA. Àwòrán tí ilé-iṣẹ́ mú wá dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sán gangan ni wọ́n ya gbogbo rẹ̀, tí oòrùn ń ràn. Ti Àǹtí ni ó jẹ́ ti òru. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èsì dé pé ilé-iṣẹ́ kò fi hàn pé ẹni tí ó dé ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ lè ka ìlànà rẹ̀, pé kí ó fagi lé owó náà. Ní oṣù náà, owó oògùn ìyá àgbà dé kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Kí á tún sọ ti àwọn tí ó ń ju ìwé náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n gbọ́ pé kì í ṣe ti ìjọba, wọ́n wá rò pé kò lè ṣe wọ́n ní nǹkan. Ìmọ̀ràn ẹni tí kò mọ̀nà tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn ìwé àkọ́kọ́, ìwé àwọn agbowó gbèsè ni yóò tẹ̀lé e. Láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ wa, ológò a máa dógò ti ajẹgbèsè: yóò jókòó sí ilé rẹ̀, yóò máa pariwo, yóò máa pa á ládìẹ jẹ títí owó yóò fi jáde. Agbowó gbèsè ti Ìlú Ọba kò ní agbára tó bẹ́ẹ̀. Ìwé ni ó lè kọ, kò lè fipá wọlé, kò sì lè gbé àga ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwé kóòtù lè dé, èyí kì í sì í ṣe ohun àfọwọ́rọ́sẹ́yìn. Ọjọ́ 14 ni òfin fúnni láti dá kóòtù lóhùn. Ẹni tí ó bá dákẹ́, ilé-iṣẹ́ yóò jàre láìjà, bí kò bá sì san owó náà láàrin oṣù kan, ìdájọ́ yẹn yóò wà lára orúkọ rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Ó lè tìtorí rẹ̀ má rí ilé háyà, ó lè má rí owó yá. Gbèsè tí kò tó nǹkan ti ba orúkọ jẹ́ nìyẹn.

Ìjọba wọn náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì gún. Ní ọdún 2019, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ṣe òfin pé kí ìjọba kọ ìlànà kan ṣoṣo tí gbogbo ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí yóò máa tẹ̀ lé. Ìlànà náà jáde ní oṣù Èrèlé ọdún 2022, ṣùgbọ́n kí ọdún tó dé àárín, wọ́n ti fà á sẹ́yìn nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ pe ìjọba lẹ́jọ́. Ní ọdún 2024 ni ẹgbẹ́ méjèèjì kọ ìlànà tiwọn jọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Ọ̀wàrà. Lára rẹ̀ ni ìṣẹ́jú mẹ́wàá àforíjì lẹ́yìn tí àkókò bá pé, àti pé owó kò gbọdọ̀ ju £100 lọ. Ní ọdún 2025, ìjọba tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba èrò àwọn ará ìlú lórí ìlànà tirẹ̀. Ẹni tí à ń ṣọ́ ni ó kọ òfin ìṣọ́ ara rẹ̀ fún ìgbà yìí. Ìyẹn náà ni kí ọlọ́kọ̀ fi ṣe ọgbọ́n.

Mo wá padà sí ọ̀rọ̀ èdè. Nínú ilé wa, títí Àǹtí fi jàre, “ìtanràn” ni gbogbo wa ń pe owó náà. Ìtanràn ni ohun tí ẹni tí ó ní àṣẹ ń bù léni nítorí ẹ̀ṣẹ̀. A kì í bá a jiyàn, ojú a sì máa tini. Gbèsè yàtọ̀. Ẹni tí ó sọ pé a jẹ òun ní gbèsè gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn, a sì lè wí pé a kò jẹ ẹ́. Nítorí orúkọ kan tí a ṣì pè, obìnrin kan fi £120 sílẹ̀ láìbéèrè, ó sì ń sùn pẹ̀lú ìbẹ̀rù nílẹ̀ àjèjì. Bí èdè wa bá ní ọ̀rọ̀ méjì fún ohun méjì, ẹ jẹ́ kí á máa lo méjèèjì ní àyè wọn.

Iṣẹ́ àwa tí a fẹ́ di olùkọ́ ni èyí. Nígbà tí a bá ń kọ́ ọmọ ní àyọkà, kí á má fi mọ sí ìtàn ìjàpá nìkan. Kí á mú ìwé owó iná, ìwé àdéhùn ilé àti ìwé ìkìlọ̀ wá sí kíláàsì, kí á kọ́ ọmọ láti béèrè ohun mẹ́ta: Ta ni ó kọ ìwé yìí? Agbára wo ni ó fi kọ ọ́? Ẹ̀rí wo ni ó mú wá? Ọmọ tí ó bá mọ ìbéèrè mẹ́ta yìí, ìbáà gbé ní Ìlọrin, ìbáà gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, yóò san èyí tí ó bá jẹ, kò sì ní san èyí tí kò jẹ.